Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Mi Ń Tì Fúnra Rẹ̀, Ó Tún Ń Ṣí: Ṣé Brain Box Ló Jóná Lóòótọ́?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Toyota Corolla 2005 ni mò ń wà, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni sẹ́ńtírà lọ́ọ̀kì rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gbogbo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà, ti ń ṣe ségesège. Tí mo bá tẹ súwíìsì tó wà lára ilẹ̀kùn dírébà, nígbà mìíràn gbogbo ilẹ̀kùn á tì, nígbà mìíràn kò ní sí ohunkóhun. Rìmóòtù máa ń dé àwọn ilẹ̀kùn yòókù dáadáa, ṣùgbọ́n ti dírébà lè máà dáhùn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì máa ń kùn ṣáá ni, bọ́tìnì rẹ̀ kì í wọlé tán. Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni pé nínú gó-sìló Íwò Róòdù, àwọn ilẹ̀kùn á ṣàdédé tì, wọ́n á tún ṣí, gbà-gbà-gbà, láìsí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Gíláàsì ilẹ̀kùn dírébà náà máa ń kọ̀, kò ní sọ̀ kalẹ̀. Tí mo bá ṣílẹ̀kùn díẹ̀, á tún sọ̀. Réwáyà mi, ẹni tó ń bá mi tún iná ọkọ̀ ṣe, ní brain box, ìyẹn àpótí tó ń darí iná ọkọ̀, ló jóná, kí n lọ wá owó. Aládùúgbò mi ní kí n gbé ọkọ̀ náà lọ sílé àdúrà. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Ìdáhùn

Ìyá mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí owó yín ṣì wà lápò ná. Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà o, ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ kọ yìí kò jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àìrí, kò sì jọ ti brain box. Bí mo ṣe kà á, àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára ọkọ̀ yín, wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni. Wáyà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń já níbi tí ilẹ̀kùn dírébà ti pàdé ara ọkọ̀. Ẹ̀rọ tó ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì náà sì ti ń rẹ̀. Réwáyà yín da méjèèjì pọ̀, ó wá ń wá ohun kan ṣoṣo tó lè fa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe bọ́ sórí brain box nìyẹn.

Gbólóhùn yín kan ló tú àṣírí: gíláàsì tó kọ̀ á sọ̀ kalẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni gíláàsì ń ṣe, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni lọ́ọ̀kì ń ṣe. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé wáyà àwọn méjèèjì jọ gba inú rọ́bà dúdú kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ híńjì, láti inú ọkọ̀ bọ́ sínú ilẹ̀kùn. Nígbà tẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn, ohun tó yí padà kò ju ibi tí wáyà yẹn ti ká lọ. Àpótí tó bá jóná lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kò ní yá nítorí pé ẹnì kan ṣílẹ̀kùn.

Kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé yín, ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe pín. Àwọn kan wà tó ń pàṣẹ: súwíìsì ara ilẹ̀kùn, ihò kọ́kọ́rọ́, rìmóòtù. Àpótí kan wà láàárín tó ń gbọ́ àṣẹ, tó sì ń fi iná ránṣẹ́. Nínú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ kékeré oní-fóòtì (volt) 12 wà pẹ̀lú eyín ike díẹ̀, òun ni àwọn réwáyà ń pè ní actuator, òun ló ń fa irin lọ́ọ̀kì wọlé tàbí tì í jáde. Wáyà méjì péré ló ń gbé iná lọ fún ẹ̀rọ yìí. Bí iná bá gba ọ̀kan wọlé tó sì gba èkejì jáde, ilẹ̀kùn á tì. Bí àpótí bá yí iná náà padà, ilẹ̀kùn á ṣí. Iná ọ̀hún kì í pẹ́ rárá. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti lọ. Ẹ rántí ìyẹn, torí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ réwáyà jẹ, màá padà sórí rẹ̀.

Bó ṣe pín yìí náà la ó ṣe wádìí rẹ̀. Tí àṣẹ kan bá kùnà, tí àwọn yòókù sì ń ṣiṣẹ́, ẹni tó pa àṣẹ yẹn ni kẹ́ ẹ mú. Tí gbogbo àṣẹ bá ń dé, tí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo kò sì dáhùn, inú ilẹ̀kùn yẹn tàbí lára wáyà rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìgbà tí gbogbo àṣẹ bá kú, tí gbogbo ilẹ̀kùn sì dákẹ́ lọ gbári, ìgbà yẹn la tó ń wo àárín: fíúsì, bátìrì, earth (ara irin ọkọ̀ tí iná ń gbà padà), rìléè (súwíìsì tí iná ń tẹ̀), àpótí.

Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ pé rìmóòtù ń dé àwọn ilẹ̀kùn yòókù dáadáa. Àpótí tó gbọ́ rìmóòtù, tó fi iná ránṣẹ́ sílẹ̀kùn mẹ́ta, wà láàyè. Fíúsì tó gba iná yẹn kọjá kò já. Lójú tèmi, ẹjọ́ brain box ti parí níbẹ̀.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dán nǹkan kan wò kí ẹnikẹ́ni tó tú bóòtù kan lára ọkọ̀ náà. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ mú bébà, kẹ́ ẹ fa ìlà sí i bíi rẹ́jísítà kíláàsì. Ẹ kọ orúkọ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè: dírébà, ẹ̀gbẹ́ dírébà, ẹ̀yìn òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún. Ẹ kọ àwọn tó ń pàṣẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́: súwíìsì, kọ́kọ́rọ́, rìmóòtù. Kí “tì” ní àyè tirẹ̀, kí “ṣí” náà ní tirẹ̀, torí ilẹ̀kùn tó ń tì ṣùgbọ́n tí kì í ṣí, ọ̀nà ibòmíràn ló ń tọ́ka sí. Ẹ ṣe é lálẹ́ tàbí ní kùtù hàì nígbà tí àdúgbò pa rọ́rọ́. Ẹ pa rédíò, ẹ pa fáànù, kẹ́ ẹ tẹ́tí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró díẹ̀, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́. “Kẹ́” kékeré tó bá dún lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, rìléè ni. Tó bá dún tí ilẹ̀kùn kò sì mì, a jẹ́ pé àṣẹ ti dé àárín, ọ̀nà iwájú ló dí. Tí kò bá dún rárá, àṣẹ kò tíì dé àárín nìyẹn.

Ẹ má ṣe máa tẹ̀ ẹ́ léraléra bí ẹni tó ń bínú o. Ọ̀pọ̀ actuator ní ohun kan nínú tó ń já iná tí ẹ̀rọ bá ti gbóná jù, kò sì ní padà títí tó fi máa tutù. Mo ti rí àwọn tó tẹ lọ́ọ̀kì títí tó fi dákẹ́, tí wọ́n sì kígbe pé ó ti jóná, kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán tán ó ti padà sípò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún ìdánwò súwíìsì ṣe lọ́nà mẹ́ta: nígbà tí ilẹ̀kùn dírébà wà ní títì pa, nígbà tó ṣí dé ìdajì, àti nígbà tí ọmọ yín bá ń rọra gbé e lọ gbé e bọ̀ tẹ́ ẹ sì ń tẹ súwíìsì. Tí èsì bá yàtọ̀ lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ti rí ibi tí àìsàn wà láìtíì fọwọ́ kan irinṣẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sídìí rọ́bà yẹn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí réwáyà yín ti bẹ̀rẹ̀.

Wáyà tó wà níbẹ̀ máa ń ká ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, á tún nà nígbà tó bá tì. Ọdún tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ látìgbà tí ọkọ̀ yẹn ti wà ní Amẹ́ríkà kò kéré, ti dírébà ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí pé ẹni tó bá dá wa ọkọ̀ kì í ṣí ilẹ̀kùn mìíràn. Bàbà inú wáyà á máa já ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Awọ òde lè wà ní pípé síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá kàn fojú wò ó á fi sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe é.

Kí ó kọ́kọ́ yọ orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Kí ó wá yọ ẹnu rọ́bà náà kúrò nínú ihò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pẹ̀lú omi ọṣẹ díẹ̀ kó má baà fà ya, kó sì tì í sẹ́yìn kí wáyà lè hàn. Kí ó mú wáyà kọ̀ọ̀kan láàárín ìka, kó rọra fà á. Èyí tó dá pé kò ní nà. Èyí tí bàbà rẹ̀ ti já á fà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé awọ nìkan ló kù tó so ó. Kí ó wo ibi tí awọ bá ti bó, kó sì wo ìpẹtà aláwọ̀ ewé, àmì pé omi ti ń dé ibẹ̀. Wáyà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá jẹ́ aláwọ̀ òféèfèé, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè, ti airbag, báàgì afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde nígbà ìjàǹbá, ni lọ́pọ̀ ọkọ̀. Kó má fọwọ́ kàn án, kó má sì fi tẹ́sítà gún un.

Ibí yìí náà ni “ẹ̀mí àìrí” inú gó-sìló ń gbé. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, súwíìsì lọ́ọ̀kì kì í fi iná ránṣẹ́ sí àpótí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń so wáyà àṣẹ mọ́ earth, ìyẹn ara irin ọkọ̀. Tí wáyà “tì” bá kan earth, gbogbo ilẹ̀kùn á tì. Tí wáyà “ṣí” bá kàn án, gbogbo wọn á ṣí. Ẹ wá rò ó wò: wáyà àṣẹ tí awọ rẹ̀ ti bó, nínú rọ́bà tí omi òjò ti wọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí irin. Ẹ tẹ bíréèkì, ọkọ̀ mì, wáyà kan irin. Ẹ tún sún síwájú, ó kúrò. Àpótí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìka yín àti irin yẹn; àṣẹ tó bá gbọ́ ló ń ṣe. Ìdí tó fi pọ̀ nínú gó-sìló ju ojú ọ̀nà tó já geere lọ nìyẹn, ìdí tó sì fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òjò nìyẹn.

Mo ṣèlérí láti padà sórí iná tí kì í pẹ́ yẹn, tó ń tan réwáyà jẹ. Réwáyà yín lè sọ pé òun ti fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wo wáyà yẹn, fóòtì 12 pé síbẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́ kó má sì wúlò. Wáyà tí fọ́nrán bàbà kan ṣoṣo kù nínú rẹ̀ ṣì máa gbé fóòtì 12 jáde fún mítà, nítorí pé iná tí mítà ń fà kò tó nǹkan. Ìgbà tí ẹ̀rọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ bá wá béèrè iná gidi ni fọ́nrán yẹn á jẹ́wọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iná actuator kì í pẹ́. Kí nọ́ńbà ojú mítà tó yí tán, àṣẹ ti parí. Gílóòbù bíréèkì oní-wọ́ọ̀tì 21 tí wọ́n so wáyà méjì mọ́ sàn fún iṣẹ́ yìí ju mítà olówó ńlá lọ. Yóò fa iná tó sún mọ́ áḿpù méjì. Tó bá tàn yòò, wáyà dára. Tó bá ń ṣe bàìbàì, wáyà ti fẹ́ já tán tàbí earth rẹ̀ ti bàjẹ́. Ojú sì máa ń rí ìtànṣán gílóòbù bó ti wù kó yára tó.

Ní ti àtúnṣe rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà kí ó kàn lọ́ ẹnu wáyà méjì pọ̀ kó fi téèpù wé e. Á ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Kí ìgbà ọyẹ́ tó dé, gọ́ọ̀mù téèpù á ti yọ́, ẹ óò sì tún padà síbi tẹ́ ẹ ti kúrò. Kí ó gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, kó fi wáyà tuntun tó rọ̀, tó sì nípọn tó ti tẹ́lẹ̀, dí àlàfo náà, kó jẹ́ kó gùn díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ojú ìsopọ̀ ni kó ṣọ́ jù: kí ọ̀kan wà nínú ara ọkọ̀ lọ́hùn-ún, kí èkejì wà nínú ilẹ̀kùn, kó má sí èyíkéyìí nínú ibi tó ń ká, nítorí pé lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń yọ́ sójú ìsopọ̀ máa ń jẹ́ kí wáyà le gan-an, ibi tó bá le ló sì máa tún já. Kí ó fi rọ́bà tó ń súnkì lójú iná bo ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ó tún wáyà kan ṣe tán kó tó gé òmíràn, kí àwọ̀ wọn má baà pa ara wọn dà. Kí ó sì dá ẹnu rọ́bà padà sínú ihò rẹ̀ yíká, torí ẹnu rọ́bà tó ṣí sílẹ̀ ni ojú ọ̀nà òjò.

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ wáyà earth súwíìsì dírébà ló ń já, nítorí pé gíláàsì àti lọ́ọ̀kì jọ ń kọ̀. Kó yẹ òun wò dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti náílọ́ọ̀nù, nítorí pé inú máa ń bí mi sí i. Tí wọ́n bá yọ pánẹ́ẹ̀lì inú ilẹ̀kùn, náílọ́ọ̀nù kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ irin. Òjò tó ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọnú ilẹ̀kùn, kò burú, bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ nìyẹn. Ó yẹ kó ṣàn gba ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn jáde. Náílọ́ọ̀nù yẹn ni kò jẹ́ kí omi dé ibi súwíìsì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ réwáyà wa á fà á ya, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á ní kò wúlò. Ọkọ̀ tí wọ́n ti tún gíláàsì rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò lè rí náílọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ mọ́. Tí tiyín kò bá sí níbẹ̀, ẹ ra náílọ́ọ̀nù tó nípọn, kí wọ́n gé e, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ padà. Kí wọ́n sì fi igi tín-ín-rín yọ erùpẹ̀ kúrò nínú àwọn ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn.

Àìsàn kejì wá kàn, ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kíkùn tó ń kùn yẹn, ìròyìn ayọ̀ ni: iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ ti bọ́tìnì náà wọlé kẹ́ ẹ sì fà á jáde. Tó bá le lọ́wọ́ yín, kì í ṣe actuator nìkan. Lọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ti gbẹ tàbí eruku ti dì í. Kí wọ́n fi WD-40 fọ̀ ọ́, kí wọ́n wá fi gíríìsì funfun sí ojú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da ọ́ìlì kòńdẹ́ẹ̀mù sí i. Á yọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ àkọ́kọ́ tó bá fẹ́ á sọ ọ́ di ẹrẹ̀.

Tó bá rọ̀ lọ́wọ́, ẹ tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kẹ́ ẹ tún dán an wò. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa, bátìrì tó kún máa ń ní nǹkan bíi fóòtì 12.6, tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, á gòkè dé nǹkan bíi 14. Tí ilẹ̀kùn yẹn bá ń tì dé òpin nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí kì í sì dé òpin nígbà tó bá wà ní pípa, ẹ̀rọ inú actuator ti ń rẹ̀. Ìdánilójú rẹ̀ ni kí wọ́n yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì actuator, kí wọ́n fi gílóòbù wọ́ọ̀tì 21 sójú wáyà méjèèjì, kẹ́ ẹ sì tẹ súwíìsì. Ó tàn yòò fún “tì”, ó tàn yòò fún “ṣí”? Wáyà ti jàre, actuator ló jẹ̀bi. Tó bá tàn fún ọ̀kan tí kò tàn fún èkejì, ẹ má ra actuator o. Àárín tàbí ojú ọ̀nà ni kí wọ́n padà sí.

Kí wọ́n tó ní kẹ́ ẹ ra odindi actuator, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀rọ kékeré inú rẹ̀ nìkan. Inú ọ̀pọ̀ actuator ọkọ̀ Japan, ẹ̀rọ Mabuchi tí wọ́n ń pè ní FC-280PC ló wà níbẹ̀, òun ló sì sábà máa ń rẹ̀ nígbà tí eyín ike àti ilé rẹ̀ ṣì dára. Ẹni tó ní sùúrù á la ilé ike náà, á yọ eyín kúrò lórí ẹ̀rọ àtijọ́, á fi sórí tuntun, á dá a padà. Tí kò bá sí ẹni tó lè ṣe é, tòkunbọ̀ rẹ̀ wà ní Àráròmí ní Agodi Gate, ó sì wà ní Ládípọ̀ ní Mushin tí ẹnì kan bá ń lọ sí Èkó. Ẹ mú ti àtijọ́ dání. Ti iwájú kò lè wọ ẹ̀yìn, ti ọ̀tún kò lè wọ òsì. Ẹ fi ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì wé ara wọn. Ẹ má sanwó títí tí ẹni tó ń tà á fi máa so ó mọ́ bátìrì lójú yín, lẹ́ẹ̀kan síwá, lẹ́ẹ̀kan sẹ́yìn. Kó kàn án fírí ni o, kó má dì í mú, kí fíúsì áḿpù 10 sì wà lójú wáyà. Èyí tó bá yára “gbà!” lẹ́ẹ̀mejèèjì ni kẹ́ ẹ gbà.

Wọ́n tún lè ní àwọn fẹ́ fi actuator oní-wáyà-méjì ti China sí i, èyí tó ní irin gígùn tí wọ́n ń so mọ́ irin lọ́ọ̀kì. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì dín lówó. Èmi kì í fẹ́ràn rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ti ní tirẹ̀ látilẹ̀, torí wọ́n máa ń lu ihò sí irin ilẹ̀kùn kí wọ́n tó lè dè é, ihò yẹn á sì dípẹtà. Ọkọ̀ tí kò ní sẹ́ńtírà lọ́ọ̀kì rárá ni wọ́n ṣe é fún.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ ò sọ fún mi: ǹjẹ́ ẹnì kan ti fi security tàbí tracker sínú ọkọ̀ yìí rí? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ni, ẹ sọ fún réwáyà. Àwọn tó ń fi í sí sábà máa ń já wọnú wáyà lọ́ọ̀kì lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, téèpù ni wọ́n sì ń fi wé e. Ó lè dá irú gbà-gbà-gbà yẹn sílẹ̀ láìjẹ́ pé rọ́bà ilẹ̀kùn ní ẹ̀bi kankan. Kí wọ́n yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ wo bó ṣe rí.

Fún àwọn yòókù tó ń kà á tí ti wọn yàtọ̀ sí ti ìyá: tí rìmóòtù nìkan bá kú, bátìrì inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Pẹlẹbẹ oní-fóòtì 3 ni, nọ́ńbà rẹ̀, CR2016 tàbí CR2032, wà lára rẹ̀, wọn kì í rọ́pò ara wọn nítorí pé ọ̀kan nípọn ju èkejì lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra rìmóòtù tòkunbọ̀, ẹ mọ ibi tí ọkọ̀ yín ti wá. Ti Amẹ́ríkà máa ń sọ̀rọ̀ lórí nǹkan bíi 315 MHz, ti Yúróòpù lórí 433.92. Rìmóòtù Corolla tó ti Belgium wá kò ní gbọ́ èdè Corolla Amẹ́ríkà láéláé, bó ti wù kí wọ́n jọra tó. Ọgbọ́n fífi kámẹ́rà fóònù wo iná rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n kò wúlò fún ti ọkọ̀, rédíò ló ń lò. Tí gbogbo lọ́ọ̀kì bá sì kú pátá, ẹ wo fíúsì tí wọ́n kọ DOOR tàbí D/L sí. Tó bá já, ẹ fi irú rẹ̀ gan-an rọ́pò, kí nọ́ńbà rẹ̀ má lé kan. Tó bá tún já, wáyà kan ti ń kan irin níbì kan. Fíúsì tó tóbi jù á jẹ́ kí wáyà yẹn gbiná dípò fíúsì.

Ọ̀rọ̀ brain box, ìyá, mo mọ̀ pé yóò tún padà wá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ réwáyà pé èwo ni. Gbogbo àpótí inú ọkọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ti ẹ́ńjìnnì kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú lọ́ọ̀kì. Àpótí tí wọ́n bá yọ lára ọkọ̀ mìíràn tún lè má mọ kọ́kọ́rọ́ yín, kí ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ wá kọ̀ láti dìde. Ẹ má bá a jà. Ẹ kàn sọ pé ẹ fẹ́ rí gílóòbù kẹ́ ẹ tó sanwó: kó fi hàn yín pé àṣẹ wọlé sínú àpótí, kó sì fi hàn yín pé kò sí ohun tó jáde. Tó bá lè fi méjèèjì hàn, èmi náà á gbà fún un.

Kó tó di pé wọ́n tún un ṣe, ẹ máa fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn dírébà lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ fà gbogbo ilẹ̀kùn wò kẹ́ ẹ tó kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ má fi ọmọ-ọmọ yín nìkan sílẹ̀ nínú rẹ̀, ká tiẹ̀ ní ẹ kàn fẹ́ ra búrẹ́dì ni, torí ọkọ̀ tó ń ti ara rẹ̀ lè tì í mọ́bẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kò ṣeé ṣí láti inú ṣùgbọ́n tó ń ṣí láti ìta, ẹ wo irin kékeré tó wà létí ilẹ̀kùn yẹn kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Lọ́ọ̀kì àwọn ọmọdé ni, ẹnì kan ló tì í.

Rọ́bà ilẹ̀kùn dírébà ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Tí wáyà bá ti pé, tí earth dára, tí súwíìsì ara ilẹ̀kùn ṣì ń kọ̀ nígbà tí rìmóòtù ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, súwíìsì náà fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n tú, omi lè ti wọ̀ ọ́ láti ojú gíláàsì. Kí wọ́n fi omi ìfọ̀súwíìsì fọ ojú bàbà rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún bébà yín kọ, kẹ́ ẹ fi tuntun àti ti àtijọ́ ránṣẹ́ sí mi, èyí tó ní “tì” àti “ṣí” lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.